Iṣẹ́ Agbẹ̀bí ní Ilẹ̀ Yorùbá, láti Ìgbà Oyún títí di Ìgbà Ìjálẹ́nu Ọmú

Bí a bá ṣí ìwé ìtàn ilẹ̀ wa, ogun àti ọba ni a sábà máa ń kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀. A mọ orúkọ Balógun tí ó ṣẹ́gun, a mọ ọdún tí ìlú fọ́, a sì mọ ọdún tí a tún un tẹ̀ dó. Ṣùgbọ́n kò sí Balógun kan tí kò kọ́kọ́ bọ́ sí ọwọ́ obìnrin kan ní ọjọ́ tí ó dé ayé. Obìnrin náà ni ó gbà á, tí ó nu ẹnu àti imú rẹ̀, tí ó gé ìwọ́ rẹ̀, tí ó sì wẹ̀ ẹ́ mọ́. Orúkọ obìnrin yìí kò sí nínú ìwé kankan. Agbẹ̀bí ni a ń pè é. A fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé bá wa ro ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan ẹ̀mí ènìyàn títí di òní olónìí.

Ẹ̀kọ́ náà ni èyí: ìtọ́jú ìyá kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ ìrọbí nìkan. Okùn kan ṣoṣo ni ó so oyún, ìbímọ àti ìgbà ọmú pọ̀. Ẹni tí ó bá di orí kan mú, tí ó sì ju orí kejì sílẹ̀, okùn náà yóò já mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà wa mọ okùn yìí, ṣùgbọ́n ohun ńlá kan wà tí wọn kò mọ̀. Ilé ìwòsàn mú ohun tí wọn kò mọ̀ náà wá, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ òun pẹ̀lú gbàgbé okùn náà. Bí ìmọ̀ méjèèjì ṣe pàdé ni ìtàn tí a fẹ́ sọ.

Àwọn baba ńlá wa kò ní ìwé tí wọ́n ń kọ ìbí ọmọ sí, ṣùgbọ́n wọn kò ṣàì ní àkọsílẹ̀: orúkọ ni ìwé wọn. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ìwé tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921, to àwọn orúkọ tí a ń pè ní àmútọ̀runwá fún wa. Ẹ jẹ́ kí a wò wọ́n, kì í ṣe bí orúkọ lásán, bí kò ṣe bí ẹ̀rí ohun tí ojú agbẹ̀bí rí. Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè. Èyí tí ìwọ́ bá wé mọ́ lọ́rùn ni Òjó, bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, tàbí Àìná, bí ó bá jẹ́ obìnrin. Èyí tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá bò lórí ni Sàlàkọ́ tàbí Tàlàbí. Èyí tí ó bá pẹ́ nínú ju ìgbà tí a retí rẹ̀ lọ ni Ọmọ́pẹ́. Èyí tí ó bá dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i ni Àjàyí. Àwọn ìbejì ní orúkọ tiwọn, ọmọ tí ó tẹ̀lé wọn sì ní tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ka oṣù oyún kò lè mọ̀ pé ọmọ pẹ́. Ẹni tí kò bá fi ara balẹ̀ wo bí ọmọ ṣe ń jáde kò lè mọ ìyàtọ̀ Ìgè sí Àjàyí. Ohun tí àwọn agbẹ̀bí wọ̀nyí ń ṣọ́ ni àwọn dókítà òde òní náà ń ṣọ́, nítorí ọmọ tí ó fẹsẹ̀ wáyé, ọmọ tí ó pẹ́ nínú jù, àti àwọn ìbejì, gbogbo wọn ni ó lè mú ewu wá fún ìyá àti fún ara wọn.

Ẹ rántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí a bí ní Òṣogùn ní nǹkan bí 1809. Kò sí ìwé ìrìbọmi ní Òṣogùn ní ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí akọ̀wé ìjọba kan níbẹ̀. Síbẹ̀ àwa mọ̀ títí di òní bí ọmọ náà ṣe kọjú sí ilẹ̀ nígbà tí ó bọ́ sáyé. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ó rí i, tí ó sì sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin náà ni a ń pè nígbàkúùgbà tí a bá pe Àjàyí. Ogun kó ọmọ náà lẹ́rú ní 1821, a gbé e lọ sí òkè òkun, a fún un ní orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí agbẹ̀bí kò parẹ́ lára rẹ̀.

Báwo ni àwọn àgbà ṣe ń tọ́jú aboyún? Nígbà tí a bá ti mọ̀ pé ìyàwó ilé ti lóyún, gbogbo ilé ni ó di olùṣọ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó ru ẹrù wúwo. A ó kìlọ̀ fún un kí ó má ṣe rìn ní ọ̀sán gangan tàbí ní òru. A ó se aṣèjẹ fún un, a ó sì fún un ní àgbo mu. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pàdé rẹ̀ yóò gbàdúrà pé kí Ọlọ́run sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Òwe sọ pé, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Láti òkèèrè ni àwọn ìyá àgbà ti ń wo ọjọ́ ìrọbí, wọn kì í dúró títí yóò fi dé ojú wọn.

A kò fẹ́ sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ni ó tọ̀nà. Àwọn oògùn tí a fi ń de oyún kò lè ṣe ohun tí a rò pé wọ́n ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ni a kọ̀ fún láti jẹ ìgbín, nítorí a ní itọ́ yóò máa dà lẹ́nu ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń fi ẹran tí ó dára du ẹni tí ó nílò rẹ̀ jù lọ nínú ilé. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ nípa oòrùn ọ̀sán àti ẹrù wúwo, ọgbọ́n ni. Bí a tilẹ̀ ní iwin ni ó ń rìn ní ọ̀sán, ara aboyún ni ìkìlọ̀ náà ń dáàbò bò.

Nígbà tí ìrọbí bá dé, obìnrin kì í dá nìkan wà. Àwọn ìyá àgbà yóò yí i ká. Ọ̀kan yóò dì í mú láti ẹ̀yìn, agbẹ̀bí yóò sì wà níwájú rẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ ni ó ti ń bímọ, ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ ènìyàn títí di òní. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó, ẹ̀yìn ni a ń mú kí obìnrin fi lélẹ̀, a sì ń lé àwọn ènìyàn rẹ̀ síta. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn agbẹ̀bí nímọ̀ràn pé kí a jẹ́ kí obìnrin yan bí ó ṣe fẹ́ wà nígbà ìrọbí, kí a sì jẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ràn dúró tì í. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe láìkà á nínú ìwé ni ìwé wá kọ́ wa lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìbímọ, iṣẹ́ kò tíì parí. Àwọn ará ilé yóò máa wọlé, wọn yóò máa kí ìyá pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Ẹ kíyè sí ìkíni yìí dáadáa: ewu ni a kọ́kọ́ dárúkọ, kí a tó dárúkọ ọmọ. A ó máa fi omi gbígbóná wẹ ìyá, a ó fi òrí ra ọmọ lára, àwọn mìíràn yóò sì máa dáná fún ìyá kí ó lè sinmi. Johnson kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni a ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Ọjọ́ náà ni a ń kó ọmọ jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí náà ni a ṣe ń pè é ní ìkómọjáde. Láti ìgbà náà, ọmọ yóò wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ àti lẹ́nu ọmú fún nǹkan bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá kì í súnmọ́ ọkọ rẹ̀, kí oyún mìíràn má baà já ọmọ lẹ́nu ọmú láìtó àkókò.

Àwọn kan ti fi àṣà yìí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ń mú ara ọmọ wú, tí ń sọ irun rẹ̀ di pupa, tí ó sì ń pa á. Ní 1935 ó fún un ní orúkọ tí àwọn Gã ń pè é, kwashiorkor, èyí tí í ṣe àìsàn ọmọ tí àbúrò rẹ̀ ti gba àyè rẹ̀. Ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú lójijì, tí a sì ń fi oúnjẹ tí kò ní agbára bọ́, ni ó ń ṣe. Nígbà náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé rí i pé òfin tí àwọn ìyá àgbà fi lélẹ̀, òfin ìyè ni fún ọmọ.

Kí wá ni ohun tí àwọn àgbà kò mọ̀? Wọn kò mọ̀ pé kòkòrò tí ojú kò lè rí wà lára ọwọ́, lẹ́nu abẹ, àti nínú ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Abẹ tí a kò sè nínú omi gbígbóná ni a fi ń gé ìwọ́. Ohun tí ó ti kan ilẹ̀ ni a sì ń fi sí ojú ìdodo ọmọ nígbà púpọ̀. A ó bí ọmọ láìlábùkù, yóò sunkún, yóò sì mu ọmú fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ó bá di nǹkan bí ọjọ́ kẹfà tàbí ìkeje, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò dì, kò ní lè mu ọmú mọ́, ara rẹ̀ yóò le bí igi, ìmọ́lẹ̀ tàbí ariwo díẹ̀ yóò sì mú un gbọ̀n. Ní àkókò tí ilé ń pèsè ìsọmọlórúkọ gan-an ni àrùn yìí ń dé. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a wo ilé, tí a kò sì rí ọmọ tí a ó sọ lórúkọ mọ́.

A ní gìrì ni. Nígbà mìíràn a ní abíkú ni. Orúkọ tí a sọ àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ikú bẹ́ẹ̀ náà jẹ́ àkọsílẹ̀: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé. Ẹ̀bẹ̀ ìyá ni orúkọ wọ̀nyí. Lónìí a mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Abẹ ìdọ̀tí ni ó pa òmíràn. Ibà tàbí ìgbóná olóde ni ó pa òmíràn. Àwọn mìíràn ni fòníkú-fọ̀ladìde pa, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Àwọn tí a kọ ara wọn lábẹ tí a sì nà nítorí abíkú, aláìmọ̀kan ni ó ṣe é sí wọn.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ ilé-ìwé kan tó fi ìyá àgbà ṣe ẹlẹ́yà nítorí èyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Vienna, olú ìlú ilẹ̀ Austria, kí a wo bí àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ṣe rí ní àkókò kan náà. Ilé ìgbẹ̀bí ńlá kan wà níbẹ̀ tí ó ní apá méjì. Ní apá kìíní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ti ń kọ́ṣẹ́. Ní apá kejì ni àwọn obìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí wà. Ní 1846, ìyá 4,010 ni ó bímọ ní apá kìíní, 459 nínú wọn sì kú. Ní ọdún kan náà, ìyá 3,754 ni ó bímọ ní apá kejì, 105 ni ó kú. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni ikú pọ̀ sí! Àwọn obìnrin ìlú mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń sunkún bẹ̀bẹ̀ kí a má ṣe gbé wọn lọ sí apá kìíní.

Dókítà kan tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Hungary, Ignaz Semmelweis, ni ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ó sùn. Ní oṣù March, 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kolletschka kú lẹ́yìn tí ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan gé e lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣàyẹ̀wò òkú, irú àìsàn tí ó sì pa á jọ irú èyí tí ń pa àwọn ìyá. Nígbà náà ni ó yé Semmelweis: láti ibi òkú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá, ikú sì wà lọ́wọ́ wọn. Láti oṣù May ọdún náà ni ó ti pàṣẹ pé kí olúkúlùkù fi omi tí a po oògùn chlorine mọ́ fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ìyá kankan. Ní 1848, nínú ìyá 3,556 tí ó bímọ ní apá kìíní, 45 péré ni ó kú. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá dókítà kò gbà á gbọ́, wọ́n sì bínú pé a ní ọwọ́ àwọn kò mọ́. Semmelweis kú ní 1865, kí gbogbo ayé tó gbà pé òtítọ́ ni ó sọ. Nítorí náà ọwọ́ ìdọ̀tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ìyá Yorùbá nìkan. Àìmọ̀ tí ó kárí ayé ni, ìgbéraga ni ó sì mú un pẹ́ ní Europe.

Ìmọ̀ ọwọ́ mímọ́ yìí ni ó di òfin díẹ̀díẹ̀. Ní 1902, ilẹ̀ England ṣe òfin pé kí a máa kọ́ àwọn agbẹ̀bí, kí a sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ní 1930, Nàìjíríà náà ṣe òfin tirẹ̀ nípa àwọn agbẹ̀bí. Kí ó tó di ìgbà náà ni àwọn ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn láàrin wa. Ní Abẹ́òkúta, Fadá Jean-Marie Coquard ti Ìjọ Àgùdà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1895. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Dókítà George Green ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ní 1907, a sì kọ́ ilé ìwòsàn níbẹ̀ ní 1923. Ní Iléṣà, Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley Guild Hospital sílẹ̀. Ní Èkó, Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì, ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní Dublin ní 1938, ṣe iṣẹ́ ribiribi láàrin àwọn ìyá ní ilé ìwòsàn Massey Street. Àwọn ọmọbìnrin tí ó ti ilé-ìwé wa jáde ni a kọ́ ní iṣẹ́ náà. Wọ́n ń se abẹ, wọ́n ń fọ ọwọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni a sì gbà là.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a sọnù lójú ọ̀nà. Ilé ìwòsàn mọ ibùsùn ìbímọ, kò mọ ilé tí ìyá ti wá. Kò mọ̀ bí ó ṣe jẹun nígbà oyún, kò sì mọ̀ bí ọmọ ṣe rí lẹ́yìn tí a gbé e lọ. Obìnrin tí ó ti máa ń wà láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀ wá di ẹni tí ó dá dùbúlẹ̀ láàrin àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Nítorí èyí, àti nítorí ọ̀nà jíjìn, owó, àti ìbẹ̀rù iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ kò wá títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ìrọbí, nígbà tí agbára ti tán. Bí wọ́n bá kú, a ó ní ilé ìwòsàn ni ó pa wọ́n, ẹlòmíràn kò sì ní fẹ́ wá mọ́. Lẹ́yìn ìsọjí tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930 nípasẹ̀ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọ̀pọ̀ aboyún ni ó ń wá ibi tí a ti ń gbẹ̀bí pẹ̀lú àdúrà láàrin àwọn ìjọ Aládùúrà. A kò gbọdọ̀ rò pé àìgbọ́n ni ó gbé wọn lọ. Níbẹ̀ a mọ orúkọ wọn láti ìgbà oyún, a ń bá wọn gbàdúrà, ẹnìkan sì ń dì wọ́n mú. Okùn tí ilé ìwòsàn jù sílẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri.

Ní Iléṣà kan náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn náà padà. Dókítà David Morley dé Wesley Guild Hospital ní 1956. Ó bá àwọn ọmọ tí ń kú lórí ibùsùn, ó sì rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí ń pa wọ́n ni a ìbá ti dá dúró kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ní 1957 a bẹ̀rẹ̀ ibi ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Kì í ṣe dókítà ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà bí kò ṣe àwọn nọ́ọ̀sì, ọmọ ilẹ̀ yìí, tí ó gbọ́ èdè ìyá tí ó sì mọ ilé rẹ̀. Ó tún mú iṣẹ́ náà lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ̀ nítorí Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, èyí tí a ṣe àdéhùn àlàáfíà lé lórí ní 1886. Níbi tí a ti ń ka òkú ogun nígbà kan, níbẹ̀ ni a ti wá ń ka ìwọ̀n àwọn ọmọ alààyè.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, a ń tọ́jú ìyá láti ìgbà oyún. Morley àti nọ́ọ̀sì Margaret Woodland dán an wò níbẹ̀ láti máa fún àwọn aboyún ní oògùn ibà tí a ń pè ní pyrimethamine, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1964. Oògùn náà, tí a pa pọ̀ mọ́ òmíràn, ni a ń fún àwọn aboyún lónìí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tí ibà pọ̀ sí. Nígbà tí a bá bí ọmọ, a ń tẹ̀lé e láti ọjọ́ ìbí títí di ọdún 5. A ń wọn ọmọ lóṣooṣù, a sì ń fa ìlà ìwọ̀n rẹ̀ sórí páálí kan tí a pè ní Ọ̀nà Ìlera. Ìyá ọmọ ni ó ń mú páálí náà lọ sílé, òun ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Bí ìlà bá ń gòkè, ìyá tí kò mọ ìwé kà pẹ̀lú mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ń dàgbà. Bí ó bá dúró sójú kan, ó mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kí ọmọ náà tó rù. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé ni ó gba páálí yìí lẹ́yìn náà.

Ẹ ronú sí i. Ní ìgbà Crowther, orúkọ ni ìwé tí agbẹ̀bí kọ. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìwé gidi dé ọwọ́ ìyá fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọgbọ́n ilé ìwòsàn kò tó ibi tí ọgbọ́n ìyá àgbà dé, ti ìyá àgbà náà kò sì wọ ibi tí ti ilé ìwòsàn wọ̀. Nígbà tí ọwọ́ méjèèjì pàdé ni ọmọ tó yè.

Ìpínlẹ̀ Òndó tún fi èyí hàn ní àkókò tiwa. Ní 2009, ìjọba ibẹ̀, lábẹ́ gómìnà kan tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, dá ètò kan sílẹ̀ tí a pè ní Abíyè. A yan àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò máa lọ bẹ àwọn aboyún wò nínú ilé wọn, a sì fún àwọn aboyún ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kí wọ́n lè pè nígbà ìṣòro. Ní 2014 a fi ètò kejì kún un, Agbẹ̀bíyè: agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tí ó bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn gba ẹ̀bùn, a sì kọ́ irú wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí wọn yóò máa fi jẹun. A kò lé ìyá àgbà lọ pẹ̀lú ìtìjú; a sọ ọ́ di ẹni tí ń mú ìyá dé ẹnu ọ̀nà ìyè.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtàn yìí ti parí. Nínú ìṣirò tí àwọn àjọ àgbáyé ṣe fún ọdún 2020, nǹkan bí 287,000 ìyá ni ó kú ní gbogbo ayé nítorí oyún àti ìbímọ. Nǹkan bí 82,000 nínú wọn ni ó kú ní Nàìjíríà, èyí tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Mẹ́ta nínú àwọn ohun tí ń pa wọ́n jù ni ẹ̀jẹ̀ dídà, ẹ̀jẹ̀ ríru tí í máa di gìrì aboyún, àti kòkòrò tí ń wọ inú lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò lórí okùn wa. Ìgbà oyún ni a lè ti mọ ẹ̀jẹ̀ ríru, bí a bá ń wọ̀n ọ́n, tí a sì ń yẹ ìtọ̀ wò. Ìgbà ìbímọ àti wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń dà jù. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, nígbà tí àwọn àlejò ń jẹ, tí wọ́n ń mu, ni ibà kòkòrò ń mú ìyá nínú yàrá. Ẹni tí ó bá ṣọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, ìdá kan iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wà ní ìlú àti ní abúlé tí dókítà kò dé. Ẹ kọ́ àwọn ènìyàn pé kí aboyún lọ fi ara hàn agbẹ̀bí tí a kọ́ kí oṣù 3 tó pé, kí ó sì máa padà lọ. Ìgbà 8, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dá lámọ̀ràn ní 2016. Ẹ bẹ àwọn ọkọ pé kí wọ́n pèsè owó ọkọ̀ kí ọjọ́ ìrọbí tó dé. Ẹ sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn abẹ ìdọ̀tí, kí wọ́n má ṣe fún ọmú àkọ́kọ́ dànù, kí wọ́n sì fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù 6. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá dé ilé, ẹ bi ìyá yín àgbà pé báwo ni a ṣe bí yín, ta ni ó gbà yín, kí ni ó sì rí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó sọnù. Bí ẹ bá sì rí aboyún tí orí ń fọ́ gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹ má ṣe dúró de àgbà kan. Ẹ sáré pe ènìyàn kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nínú Ìwé Mímọ́ a kà nípa Ṣífúrà àti Púà, àwọn agbẹ̀bí tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, tí wọn kò sì pa àwọn ọmọ bí Fáráò ti pàṣẹ. A kò mọ orúkọ Fáráò náà, nítorí Ìwé Mímọ́ kò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn agbẹ̀bí méjèèjì wà níbẹ̀ títí di òní. Èyí tó fún wa láti mọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí lójú Ẹni tí ó fi ìyè fún ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Olúkúlùkù ẹni tí ó mọ̀wé ti di àgbà ní ọjà yìí, bí ọjọ́ orí rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ǹjẹ́ kí a má ṣe kọjá lọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a máa gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì máa gbọ́ ohùn ọmọ, ní gbogbo ilé wa.